Ilé Ìyá Àgbà Tún Dúró

Oṣù kìíní ni. Ọyẹ́ ń fẹ́ ní agbègbè Ṣábẹ. Ètè àwọn ọmọdé ń sán. Koríko orí òkè àti koríko ẹ̀bá ọ̀nà ti gbẹ.

Ọmọkùnrin kan ń gbé ní oko pẹ̀lú Ìyá Àgbà rẹ̀. Ọmọ ọdún 9 ni. Ilé wọn ní yàrá méjì. Amọ̀ ni ògiri rẹ̀. Koríko bẹẹrẹ ni wọ́n fi bo òrùlé rẹ̀. Àká àgbàdo wà lẹ́bàá ilé. Èbù iṣu tí Ìyá Àgbà fẹ́ gbìn wà lábẹ́ igi òrí.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ọmọ náà rí ihò eku nínú igbó. Ó kó koríko gbígbẹ sí ẹnu ihò náà, ó sì ṣá ìṣáná sí i. Ó fẹ́ kí èéfín lé eku jáde. Eku kò jáde. Atẹ́gùn ni ó dé. Ó gbé iná náà wọ inú koríko. Ọmọ náà fi ẹsẹ̀ tẹ iná, ó fi ewé nà án, iná kò kú. Ó sáré lọ sílé, ó ń ké pé, "Iná o! Iná o!"

Ìyá Àgbà kò dúró kó ẹrù. Ó di ọwọ́ ọmọ náà mú. Wọ́n sáré lọ sí àárín ebè, níbi tí koríko kò sí. Àwọn ará oko fi omi àti ewé tútù bá iná jà. Ṣùgbọ́n atẹ́gùn gbé koríko tí ó ń jó sórí òrùlé. Kí oòrùn tó wọ̀, òrùlé ti wó.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ọmọ náà fẹ́ wọ inú eérú lọ wá ìwé kíkà rẹ̀. Ìyá Àgbà fà á padà.

"Má wọ ibẹ̀, ọmọ mi. Iná lè wà lábẹ́ eérú."

Ó bu omi sí i. Èéfín rú sókè. Wọ́n dúró di ọjọ́ kẹta kí wọ́n tó wọlé.

Kí ni wọ́n bá níbẹ̀? Irin ọkọ́ kù, ṣùgbọ́n igi rẹ̀ ti jó. Ìkòkò amọ̀ méjì kù. Ìwé ti jó. Àgbàdo ti jó. Èbù iṣu ti di èédú.

Ọmọ náà bú sẹ́kún. "Ìyá Àgbà, kò sí nǹkan kan mọ́!"

Ìyá Àgbà ń fi ọwọ́ kan ògiri: kó, kó, kó. "Gbọ́ bí ó ṣe ń dún," ni ó wí. "Ògiri yìí ṣì lágbára."

Ọ̀kan péré ni ó ti là. Èyí ni wọ́n wó lulẹ̀.

Àwọn ará oko wá ṣe ọ̀wẹ̀. Àwọn ọkùnrin wa amọ̀. Àwọn obìnrin pọn omi. Àwọn ọmọdé fi ẹsẹ̀ po amọ̀ pẹ̀lú koríko tí wọ́n gé wẹ́wẹ́, kí ògiri má baà là. Wọ́n mọ ìpele kan, wọ́n dúró kí ó gbẹ, kí wọ́n tó mọ òmíràn lé e.

Bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́, bàbá kan bèèrè pé, "Ta ni ó dá iná yìí?"

Òmíràn dáhùn pé, "Ta ni ìbá tún jẹ́? Ọ̀dọ́ ọdẹ tí ó máa ń fi iná lé ọ̀yà ni. Ẹ má jẹ́ kí ó dé ibí mọ́."

Ọmọ náà gbọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró nínú amọ̀. Kò sọ̀rọ̀.

Ní alẹ́, kò lè sùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó dọ̀bálẹ̀ níwájú Ìyá Àgbà.

"Ìyá Àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Kì í ṣe ọdẹ. Èmi ni mo dá iná náà. Eku ni mo fẹ́ pa."

Ìyá Àgbà dákẹ́ pẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ilé mi tí ó jó dùn mí. Ṣùgbọ́n bí a bá ba orúkọ ọmọ ọlọ́mọ jẹ́, amọ̀ wo ni a ó fi tún un ṣe? Dìde. Jẹ́ kí a lọ."

Ọmọ náà jẹ́wọ́ níwájú gbogbo ènìyàn. Ó bẹ ọ̀dọ́ ọdẹ náà. Ojú ti àwọn tí wọ́n fẹ̀sùn kàn án, àwọn náà sì bẹ̀ ẹ́.

Ní ọjọ́ kejì, ta ni ó dé pẹ̀lú ẹrù bẹẹrẹ lórí? Ọ̀dọ́ ọdẹ náà ni! Koríko ìtòsí ti jó, nítorí náà ó lọ gé e ní òdìkejì odò. Òun ni ó kọ ọmọ náà bí a ṣe ń dáàbò bo ilé. Wọ́n ro koríko kúrò yí ilé ká, ó fẹ̀ tó ìṣísẹ̀ 10.

"Bí iná bá dé ibí," ni ọdẹ náà wí, "kò ní rí nǹkan jẹ."

Ilé kọ̀ọ̀kan mú èbù iṣu díẹ̀ wá. Ẹni kan mú mẹ́ta wá, ẹlòmíràn mú márùn-ún wá. Kí òjò àkọ́kọ́ tó rọ̀, wọ́n ti bo ilé tán. Nígbà tí òjò rọ̀, igi òrí tí èèpo rẹ̀ ti dúdú bẹ̀rẹ̀ sí í rú ewé.

Ìyá Àgbà wo ilé náà, ó rẹ́rìn-ín. "Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i."

"Ṣùgbọ́n Ìyá Àgbà, àwa kì í ṣe ọba."

"Ẹni tí ó ní ènìyàn, ọmọ mi, kí ni ọba fi jù ú lọ?"

Láti ọdún náà, kí ọyẹ́ tó dé, ọmọ náà máa ń mú ọkọ́. Á ro koríko yí ilé Ìyá Àgbà ká. Bí ó bá ṣe tán, á lọ bá àwọn aládùúgbò ro tiwọn.