Ọmọ Ayò Kan Tó Sọnù

"Ọmọ ayò yìí kò pé." Bàbá mi àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ tí mo gbé eré ayò tí mo ṣe sórí kọ̀ǹpútà lọ fi hàn wọ́n ní Odigbo. Wọ́n ti kó odù jọ sí ilé kan, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ta á tán ni, wọ́n sì tẹjú mọ́ ọpọ́n inú kọ̀ǹpútà náà.

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Bàbá, kọ̀ǹpútà kì í ṣi ìṣirò. Àfi bí ojú yín ò bá ríran dáadáa mọ́." Àwọn ọ̀rẹ́ wọn méjì tí wọ́n jọ máa ń ta ayò lábẹ́ igi máńgòrò wà níbẹ̀. Bàbá kò bá mi wí. Wọ́n kàn dìde, wọ́n wọlé.

Ore ni èmi àti àwọn òbí mi ń gbé. Níbẹ̀ ni mo ti ń kọ́ bí a ṣe ń fi èdè Python kọ ètò, lórí kọ̀ǹpútà àlòkù tí ẹ̀gbọ́n mi fi sílẹ̀ fún mi. Ayò ni mo fi ṣe eré àkọ́kọ́, nítorí pé mo ti mọ̀ ọ́n láti kékeré: ilé 12, ọmọ mẹ́rin-mẹ́rin nínú ilé kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 48. Mo sì ti kà pé ní ọdún 2002, àwọn onímọ̀ méjì ní Amsterdam, John Romein àti Henri Bal, fi kọ̀ǹpútà yẹ ipò 889,063,398,406 wò nínú eré awari, tó jẹ́ ìbátan ayò. Wọ́n rí i pé bí ẹni méjèèjì kò bá ṣe àṣìṣe kankan, ọ̀mì ni eré náà yóò já sí. Ohun tó mú mi gbójú nìyẹn. Ẹ̀rọ tó lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣé 48 ni kò ní lè kà?

Ṣùgbọ́n nígbà tí mo padà sí Ore, ọkàn mi kò balẹ̀. Mẹkáníìkì ni bàbá mi. Ọkọ̀ tó ń lọ sí Benin kì í kúrò ní ìsọ̀ wọn láìjẹ́ pé wọ́n wo bíréèkì, omi, ọ́ìlì àti táyà, bí dírẹ́bà tilẹ̀ ń ké pé kò sí nǹkan tó ṣe é. Wọ́n máa ń sọ pé, "Ṣé ìgbà tí èrò bá figbe ta ni kí n tó wo bíréèkì?" Èmi kò yẹ eré mi wò bẹ́ẹ̀ rí. Mo kàn ta á fúnra mi díẹ̀, nígbà tó sì dára lójú, mo gbà pé ó ti pé.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, mo kọ ètò kékeré kan tí yóò máa yẹ eré náà wò fúnra rẹ̀. Àṣẹ tí mo fún un ni pé: lẹ́yìn ìgbà tí ẹnì kan bá ta ayò, ka ọmọ inú ilé méjèèjìlá, fi èyí tí ẹni méjèèjì ti jẹ kún un. Bí kò bá jẹ́ 48, dúró, kí o sì fi ọpọ́n hàn mí. Mo wá ní kí kọ̀ǹpútà bá ara rẹ̀ ta ayò náà nígbà 1,000.

Kò pẹ́ tó fi dúró. Ohun tó kọ sílẹ̀ ni 47.

Ọwọ́ mi gbọ̀n. Ilé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ta ní ọmọ 12 nínú tẹ́lẹ̀. Nínú ètò mi, kọ̀ǹpútà yóò kọ́kọ́ pín ọmọ náà yí ọpọ́n ká, lẹ́yìn náà ni yóò wá sọ ilé tó ti kó wọn di òfo. Bí ọmọ náà kò bá tó 12, kò séwu, nítorí kò ní yí padà délé. Ṣùgbọ́n bó bá pé 12, èyí tó gbẹ̀yìn yóò bọ́ sínú ilé tí a ti kó wọn, ètò mi yóò sì nù ún kúrò. Bẹ́ẹ̀ òfin tí Bàbá kọ́ mi ni pé odù tó bá yí ọpọ́n ká gbọ́dọ̀ fo ilé tó ti jáde. Mo ti gbàgbé. Ọ̀pẹ ni mí, n kì í ní sùúrù kó odù jọ, ìdí nìyẹn tí n kò fi rí àṣìṣe náà. Ọ̀ta ni Bàbá. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n ta á tí wọ́n fi rí i.

Mo tún un ṣe. Mo tún ayẹ̀wò náà ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì ta á nígbà 1,000 láìdúró. Síbẹ̀, mo ti wá mọ̀ pé ohun tí a bá ní kí ayẹ̀wò wò nìkan ló ń wò. Bí ètò mi bá gbé ọmọ tí Bàbá jẹ fún ẹlòmíràn, 48 náà ni yóò ṣì máa kà.

Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, mo padà sí Odigbo. Mo kúnlẹ̀ níwájú Bàbá, lójú àwọn ọ̀rẹ́ wọn méjèèjì. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ẹ̀yin lẹ jàre. Ọmọ ayò kan sọnù lóòótọ́."

Wọ́n ní, "Ta ló jí i?"

Mo ní, "Èmi ni, sà."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Bàbá ní kí n dìde, kí n lọ gbé ọpọ́n wá. Wọ́n to ọmọ ayò náà lónírúurú ọ̀nà, wọ́n ń bi mí pé, "Bó bá rí báyìí, tí o ta ilé yìí, mélòó lo máa jẹ?" Ìbéèrè mẹ́sàn-án ni mo kọ sínú ìwé ní ọjọ́ náà, pẹ̀lú ìdáhùn wọn.

Ìbéèrè mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ti wà nínú ètò ayẹ̀wò mi báyìí. Bí mo bá yí ìlà kan ṣoṣo padà nínú eré náà, kọ̀ǹpútà yóò kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè Bàbá kí n tó gbé e fún ẹnikẹ́ni. Bó bá ṣi ẹyọ kan, mo mọ̀ pé èmi ni kí n lọ tún ojú ara mi wò.