Ìgbà Wo Ló Yẹ Kí A Lọ sí Erékùṣù Gberefu?

Àwa tí a ń gbé Ọ̀tà àti Sángo mọ ariwo ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ àti eruku ọ̀nà dáadáa. Bí ẹ bá fẹ́ mú àwọn ọmọ jáde fún ọjọ́ kan, ẹ gba Àtàn, Lúsada àti Ìgbẹsà bọ́ sí Àgbárá, kí ẹ sì mórí lé Àgbádárìgì. Ibẹ̀ lẹ ó ti wọ ọkọ̀ ojú omi sọdá ọ̀sà sí Gberefu.

Láti oṣù kejìlá sí oṣù kejì, ilẹ̀ gbẹ, ọyẹ́ sì ń fẹ́ láàárọ̀. Nígbà náà ni ìrìn inú iyanrìn dé etí òkun rọrùn jù fún ọmọdé. Ní oṣù kẹta, iyanrìn a máa jó ẹsẹ̀, ìjì sì lè dé lójijì. Oṣù kẹfà ni òjò ń pọ̀ jù. Ní oṣù kẹjọ òjò a dá díẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbì òkun ṣì le. Nígbàkugbà, kí ẹnikẹ́ni má wẹ̀ nínú òkun náà, kí gbogbo yín sì wọ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì.

Paulu kìlọ̀ ní Krete pé àsìkò ìrìn òkun ti kọjá (Ìṣe 27:9-10). Wọn kò gbọ́. Ọkọ̀ wọn fọ́ ní Melita.

Gberefu ni wọ́n ń kó àwọn ẹrú gbà lọ sínú ọkọ̀ òkun. Wọn kò lè yan àsìkò, ọ̀pọ̀ jùlọ wọn kò sì padà wálé. Ẹ sọ èyí fún àwọn ọmọ yín níbẹ̀, kí ẹ sì tètè kó wọn padà kí ilẹ̀ tó ṣú.