Òòyì Inú Géèmù

Ọ̀rọ̀ yìí á gùn díẹ̀ o. Ẹni tó bá ń dáná lọ́wọ́, kó yáa yí iná náà wálẹ̀ kó tó máa kà á lọ.

Láti ìgbà tí mo ti dé Halifax yìí ni àwọn kan nínú yín ti ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Tí a bá pé jọ lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, tí wọ́n bá ti gbé géèmù oníbọn sójú tẹlifíṣọ̀n, kò ní pẹ́ tí màá fi dìde lọ dúró síta nínú òtútù. "Ọmọ Ìbàdàn, ṣé ìbọn inú géèmù náà lò ń sá fún?" Mo máa ń bá yín rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìbọn ni mò ń sá fún, èébì ni. Láàárín ogún ìṣẹ́jú, òógùn tútù á bo iwájú orí mi, itọ́ á kún ẹnu mi, inú mi á máa ru bíi ti ẹni tí ọkọ̀ ti ń gbé gba inú kòtò láti àárọ̀. Tí mo bá wá ṣe agídí tí mo jókòó tì í, ó di ọjọ́ kejì kí n tó gbádùn ara mi.

Mo mọ̀ pé kì í ṣe èmi nìkan. Àwọn kan nínú yín ti kọ̀wé sí mi ní ìkọ̀kọ̀ pé ó ń ṣe àwọn náà, ojú ló ń ti àwọn láti sọ. Ẹ̀gbọ́n kan tiẹ̀ ní òun ti ń fi àdúrà sí i. Àdúrà dára, ẹ má ṣì mí gbọ́. Ṣùgbọ́n nǹkan yìí ní ìdí tí wọ́n ti mọ̀ tipẹ́, ọ̀pọ̀ ohun tó lè dín in kù sì wà nínú settings tí a kì í ṣí wò.

Ohun tó kọ́kọ́ rú mi lójú ni pé kò ṣe mí bẹ́ẹ̀ nílé rí. Ta ni nínú wa tí kò dàgbà sí ṣọ́ọ̀bù géèmù? Winning Eleven, PS2 tí wọ́n fi sẹ́lótéèpù di páàdì rẹ̀, ẹni tí wọ́n bá nà kó dìde fún ẹlòmíì. Mo lè jókòó níbẹ̀ láti ìgbà tí a bá ti jáde nílé ìwé títí wọ́n á fi wá fa etí mi lọ sílé, òòyì kankan ò ní kọ́ mi. Ìgbà tí mo ń kàwé nípa rẹ̀ ni mo tó rí ìyàtọ̀ ibẹ̀. Nínú géèmù bọ́ọ̀lù, kámẹ́rà dà bí ẹni tó jókòó sókè ní pápá ìṣeré: ó jìnnà, ó kàn ń rọra tẹ̀ lé bọ́ọ̀lù sọ́tùn-ún sósì. Kò sẹ́ni tó máa rò pé ojú òun nìyẹn. Ṣùgbọ́n nínú irú Doom tó jáde lọ́dún 1993, tàbí Half-Life 2 ti ọdún 2004 tí òkìkí rẹ̀ kàn fún bó ṣe ń mú inú èèyàn ru, ojú ìwọ gan-an ni kámẹ́rà. Tó bá yíjú, ojú ẹ ló yí. Tó bá sáré, ìwọ lò ń sáré. Ara ẹ sì wà lórí àga, kò mira.

Nínú etí wa lọ́hùn-ún, ọ̀nà tóóró mẹ́ta kan wà tó tẹ̀ kọdọrọ bí òrùka, omi ló wà nínú wọn. Tó o bá yí orí, omi yẹn á ta sẹ́yìn, á tẹ àwọn irun wẹ́wẹ́ tó wà níbẹ̀, ìròyìn á sì dé ọpọlọ pé a ti ń yí. Ojú náà ń fi ìròyìn tiẹ̀ ránṣẹ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì máa ń bára mu. Nínú géèmù, ojú á ní à ń sáré, etí á ní irọ́ ni, a jókòó. Ẹni tó ń kàwé nínú ọkọ̀, òdìkejì rẹ̀ ló ń ṣe é: ojú ní ojú kan la wà, etí ní à ń mì. Reason àti Brand ti ṣàlàyé ìjà yìí nínú ìwé tí wọ́n kọ lọ́dún 1975. Bí ẹ bá ń ṣiyèméjì pé ojú lè tan odindi èèyàn jẹ, ẹ rántí ìgbà tẹ́ ẹ jókòó sínú dánfó ní Ìwó Road tí ọkọ̀ kò tíì kún, tí ọkọ̀ ẹ̀gbẹ́ yín wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀yìn rìn, tẹ́ ẹ sáré di àga iwájú mú nítorí ẹ rò pé tiyín ló ń lọ.

Kí ló wá fa èébì? Michel Treisman dá àbá kan lọ́dún 1977 pé láyé àtijọ́, májèlé ló lè da ìròyìn ojú àti ti etí rú bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, tí ìjà bá ti bẹ́ sílẹ̀, ara á rò pé a ti jẹ ohun tí kò dáa, á ní ká yáa dà á nù. Àbá ni o, kì í ṣe gbogbo onímọ̀ ló gbà á. Èmi fẹ́ràn rẹ̀ ṣá.

Ìtàn tó dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo rẹ̀ ṣẹlẹ̀ lórí òkun Nova Scotia tiwa níbí. Láti ọdún 1958, iléeṣẹ́ ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà àti NASA kó adití mọ́kànlá láti Gallaudet, ilé ẹ̀kọ́ gíga àwọn adití tó wà ní Washington. Wọ́n fẹ́ mọ ohun tí ojú òfuurufú máa ṣe sí ara èèyàn. Mẹ́wàá nínú wọn, àrùn meningitis tó mú wọn ní kékeré ló sọ wọ́n di adití, ó sì ba àwọn ọ̀nà olómi inú etí yẹn jẹ́. Wọ́n kó wọn sínú ọkọ̀ ojú omi lọ́jọ́ tí òkun ń ru gùdù. Àwọn adití jókòó, wọ́n ń ta káàdì wọn lọ. Àwọn tó wá ṣe ìwádìí lórí wọn ni èébì dá dúbúlẹ̀, débi tí wọ́n fi ní láti fòpin sí ìrìn àjò náà. Mẹ́rin nínú wọn tún gbé ọjọ́ méjìlá gbáko nínú yàrá kan tí kì í yé yí bí òkòtó.

Ẹ ò rí i? Ẹni tí etí rẹ̀ kò mú ìròyìn wá, kò sí ìjà kankan nínú orí rẹ̀. Kì í ṣe pé nǹkan bàjẹ́ lára ẹni tí géèmù ń kọ́ lóòyì. Etí rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, ó sì ń sọ òótọ́.

Tó bá jẹ́ géèmù oníbọn nìkan ni, mi ò ní da ara mi láàmú, màá máa lọ dúró síta mi jẹ́jẹ́. Àbúrò mi ló jẹ́ kí n wá ọ̀rọ̀ yìí lọ. Àwa méjèèjì péré ni màmá wa bí. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni nígbà tí mo kúrò nílé, ó ti pé mẹ́tàdínlógún báyìí. Lórí fóònù, ọmọ yẹn ò lọ́rọ̀ lẹ́nu. "Ẹ káàsán, bọ̀dá mi. Dáadáa ni. Wọ́n wà. Ó dàbọ̀." Ó tán. Ṣùgbọ́n tí a bá jọ wà nínú Minecraft, tí WhatsApp wà ní títàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí a jọ ń kọ́lé, ọ̀rọ̀ á máa jáde bí omi ẹ̀rọ. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ pé máàkì JAMB rẹ̀ kò tó èyí tí wọ́n fi ń wọlé sí ẹ̀kọ́ ìṣègùn, nígbà tí màmá ṣì rò pé èsì kò tíì jáde. Ibẹ̀ ló ti bi mí léèrè lọ́jọ́ kan, bó ṣe ń to òkúta léra wọn, pé "Bọ̀dá mi, ṣé ẹ ṣì máa padà wálé?" Irú ìbéèrè yẹn, èèyàn kì í lè wojú ẹni kó bi í. Ẹ ní láti jọ dojú kọ iṣẹ́ kan náà kó tó lè já bọ́ lẹ́nu.

Ẹ wá wò ó pé lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú, èmi á ní "mò ń bọ̀", màá sáré lọ dùbúlẹ̀, màá dijú. Aago mẹ́ta ọ̀sán Sátidé tiwa nígbà òtútù, aago mẹ́jọ alẹ́ ni ní Ìbàdàn. Wákàtí kan ni màmá fún un, ìyẹn náà, tí iná bá wà. NEPA ń mú tiwọn lọ́hùn-ún, òòyì ń mú tèmi níbí. Kí ló kù fún wa?

Mo bá ṣí settings. FOV ni mo kọ́kọ́ fọwọ́ kàn, ìyẹn bí ibi tí géèmù ń fi hàn ọ́ ṣe fẹ̀ tó, wọ́n ń fi dígíríì wọ̀n ọ́n. Géèmù tí wọ́n ṣe fún tẹlifíṣọ̀n pálọ̀ sábà máa ń lo èyí tó há, nítorí ẹni tó ń ta á jókòó jìnnà. Ṣùgbọ́n èmi dojú kọ láptọ́ọ̀pù lórí tábìlì. Nídìí irú rẹ̀, 60 dà bíi kéèyàn máa fi páìpù wo ayé: tó o bá yíjú díẹ̀ báyìí, gbogbo ayé á fò kọjá lójú ẹ. Mo fà á lọ sí 90. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, àwọn nǹkan tó wà létí ojú ẹ̀rọ dà bíi pé wọ́n nà, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ojú mi fi gbà á. Ẹ má kàn fà á dé òpin o. Mo dán 110 wò, òòyì tiẹ̀ tún yàtọ̀.

Èyí tó wá yà mí lẹ́nu jù ni View Bobbing. Kámẹ́rà á máa fò sókè sódò bí orí ẹni tó ń rìn, wọ́n ní kó lè jọ òótọ́. Òótọ́ kẹ̀? Ẹ gbé ìka kan síwájú ojú yín, kẹ́ ẹ wá máa mi orí bí ẹni tó ń sọ pé rárá. Ẹ̀ ń rí ìka náà kedere, àbí? Ẹ wá jẹ́ kí orí dúró, kí ìka máa mì bí orí ṣe mì yẹn. Ó di bàìbàì. Nígbà tí orí ń mì, etí ti ta ojú lólobó, ojú sì ti ń yí sí òdìkejì kí ayé má bàa máa jó lójú wa. Nínú géèmù, kò sí etí kankan tó ta ojú lólobó. Mímì tí ẹnikẹ́ni kì í rí nígbà tó bá ń rìn lójú títì ni wọ́n kó sínú géèmù tí wọ́n ní òótọ́ ni. Mo pa á. Mo pa Camera Shake. Mo pa èyí tó ní "FOV can be altered by gameplay", torí òun ló ń mú kí ojú ìran máa fẹ̀ lójijì tó o bá ti ń sáré. Nínú àwọn géèmù mìíràn, Motion Blur ló yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá lọ.

Láptọ́ọ̀pù mi ti dàgbà. Tí àwòrán bá pọ̀ fún un, á máa ta gẹ́gẹ́, ojú á sì máa rí ohun tí ọwọ́ ti ṣe tán kó tó dé. Mo dín Render Distance kù, mo pa gbogbo ọ̀ṣọ́. Òkè ọ̀ọ́kán kò hàn mọ́, ewéko kò rẹwà tó tẹ́lẹ̀. Mi ò bì ṣá.

Àwọn tó kù kò sí nínú ẹ̀rọ rárá. Mo ń tan iná yàrá, mo sún àga sẹ́yìn, kí ojú lè máa rí ògiri tí kì í mira. Kí ọwọ́ ẹ sì wà lórí páàdì: bí dẹ́rẹ́bà kì í ṣeé bì nígbà tí ẹni ẹ̀yìn ọkọ̀ ń wá ọ̀rá, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó ń ta géèmù ṣe máa ń sàn ju ẹni tó ń wò ó lọ. Ìyẹn ló fi burú fún mi tó bẹ́ẹ̀ lórí àga yín lọ́jọ́ Jímọ̀. Atalẹ̀ gbígbóná ń tù mí nínú. Gravol ń ṣiṣẹ́ o, ṣùgbọ́n oorun tó ń mú wá kò bá ẹni tó ní chapter láti kọ mu.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń sọ pé "ọkùnrin ni ẹ́, fara dà á", ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́ díẹ̀. Ara lè kọ́ ọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni, kéèyàn sì dìde kí inú tó bẹ̀rẹ̀ sí í ru. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Tí òógùn tútù bá ti yọ, mo ti kúrò nídìí rẹ̀ nìyẹn.

Tí ẹ bá sì ti ra fóònù ránṣẹ́ sílé, tí ìyá yín ń sọ pé ó ń kọ́ òun lóòyì, ẹ gbà wọ́n gbọ́. Nígbà tí iOS 7 jáde lọ́dún 2013, àwọn èèyàn ké gbàjarè nítorí bí àwòrán ṣe ń fò síwájú fò sẹ́yìn nínú rẹ̀. Reduce Motion wà nínú Accessibility lórí iPhone, ti Android ń jẹ́ Remove animations. Ẹ ní kí àwọn ọmọ ilé bá wọn tẹ̀ ẹ́.

Èmi ti ń lo ìṣẹ́jú márùndínlọ́gọ́ta báyìí. Inú ihò ilẹ̀ nìkan ni kò tíì gbà fún mi: ó ṣókùnkùn, ó há, ó kún fún kọ́nà. A ti pín iṣẹ́ náà, àbúrò mi ló ń wọ ihò lọ wa irin, èmi dúró lókè, mò ń sun ún. Ní Sátidé tó kọjá, ó ti wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún fún bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí kò sọ̀rọ̀, mo rò pé wọ́n ti mú iná lọ. Ló bá ní, "Bọ̀dá mi, Statistics ni mo fẹ́ lọ kà. Ṣé ẹ máa bá mi sọ ọ́ fún màmá?" Mo ní kó kọ́kọ́ kó irin rẹ̀ jáde ná, ká jọ jókòó sílé tí a kọ́, kó sọ ìdí rẹ̀ fún mi.