Bọ́tìnnì Apaná Kẹ̀kẹ́ Mi

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ olùkọ́, ìtàn ìtìjú ara mi ni mo fẹ́ sọ fún yín, nítorí mo gbà pé yóò ṣe àǹfààní fún ẹnikẹ́ni tí yóò bá di pàṣán mú níwájú àwọn ọmọ.

Nígbà tí wọ́n rán mi lọ sí ilé ẹ̀kọ́ kan ní ìletò láti fi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò, ọ̀nà ibẹ̀ jìn, òkè sì pọ̀. Nítorí náà ni mo ṣe ra ẹ́ńjìnì kékeré kan, irú èyí tí a ń dè mọ́ àárín kẹ̀kẹ́ ológeere, mo sì fi ọwọ́ ara mi dè é. Ọgbọ́n yìí kì í ṣe tuntun: ní ọdún 1946 ni àwọn ará Faransé bẹ̀rẹ̀ sí ta VéloSoleX, kẹ̀kẹ́ tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ jókòó lórí táyà iwájú. Ní ara ọwọ́ kẹ̀kẹ́ tèmi, bọ́tìnnì pupa kan wà níbẹ̀ tí a fi ń pa ẹ́ńjìnì.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, àbúrò mi fọ kẹ̀kẹ́ náà fún mi láìjẹ́ pé mo bẹ̀ ẹ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, mo wa pẹ́dàlì títí òógùn fi bò mí, ẹ́ńjìnì kò dáhùn. Ọkàn mi lọ tààrà sí ọ̀dọ̀ ọmọ náà. Mo ní, “Ìwọ ni o da omi sí inú epo mi.” Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀wọ́, n kò ṣí ìdérí epo rárá.” N kò gbọ́. Mo gbá a létí lẹ́ẹ̀mejì, mo sì fi ẹsẹ̀ rìn lọ. Agogo ti lù kí n tó dé ilé ẹ̀kọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ mo da epo náà nù, mo sì po òmíràn. Ẹ́ńjìnì kò dáhùn síbẹ̀. Mo tú púlọ́ọ̀gì, mo fi ara rẹ̀ kan irin, mo yí ẹ́ńjìnì kí n lè rí iná tí í máa tà ní ẹnu rẹ̀. Iná kò tà rárá. Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níhìn-ín, nítorí ibí ni ẹ̀ṣẹ̀ mi ti di méjì. Omi inú epo kò lè pa iná púlọ́ọ̀gì tí a ti tú síta. Ohun tí mo fi ojú mi rí ti dá àbúrò mi láre. Ṣùgbọ́n nítorí pé mo ti gbá a létí, n kò fẹ́ kí ó jàre. Mo wá ẹ̀sùn mìíràn: mo ní omi tí ó fi fọ̀ ọ́ ti wọ inú àpótí dúdú kékeré tí í fi iná ránṣẹ́ sí púlọ́ọ̀gì. Mo ra púlọ́ọ̀gì tuntun, mo ra àpótí tuntun. Owó oúnjẹ mi fún ọ̀sẹ̀ méjì tán síbẹ̀. Iná kò tà. Mo fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, mo ń pa làpálàpá.

Níkẹyìn mo ti kẹ̀kẹ́ náà lọ bá bàbá kan tí ó ń tún alùpùpù ṣe ní ẹ̀gbẹ́ ọjà. Kò bèèrè ẹni tí ó bà á jẹ́. Ó ní, “Tíṣà, kí ni ó máa ń ṣe kí ó tó kú pátápátá?” Nígbà náà ni mo rántí pé ní ọ̀sẹ̀ tí ó ṣáájú ìfọ̀ yẹn, bí mo bá ti yà sí ọwọ́ ọ̀tún, ẹ́ńjìnì a dákẹ́ fírí, a sì tún máa lọ. Bàbá rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó yọ ẹnu wáyà méjì tí ó ti ibi bọ́tìnnì wá, kò sì fọwọ́ kan ohun mìíràn. Ó yí ẹ́ńjìnì: iná tà. Ó dá wáyà padà: iná kú. Ó yí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ sí òsì pátápátá: iná tà. Ó dá a sí àárín: iná kú.

Ó là á yé mi pé bọ́tìnnì náà kì í gé iná. Ńṣe ni ó ń yà á lọ́nà. Bí a bá tẹ̀ ẹ́, a so wáyà iná pọ̀ mọ́ irin ara ẹ́ńjìnì, iná a sì gba ibẹ̀ lọ bí omi odò tí a la ọ̀nà mìíràn fún. Púlọ́ọ̀gì kò ní rí nǹkan kan gbà. Bí ara wáyà náà bá sì bó tí ó kan irin kẹ̀kẹ́, kò yàtọ̀ sí ìgbà tí ènìyàn tẹ bọ́tìnnì mọ́lẹ̀ tí kò sì gbé ọwọ́ kúrò. Ó tọ wáyà náà dé abẹ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́, ó fi ojú ibi tí ó ti bó hàn mí, ó ní, “Ta ni ó dì í pinpin báyìí?”

Èmi ni. Mo dì í le tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń ha irin ní gbogbo ìgbà tí mo bá yà.

Ìtìjú mú mi. Mo ní kí ó kúkú yọ bọ́tìnnì náà sọnù. Ó kọ̀. Ó ní bí okùn tí ń fa epo bá há nígbà tí mo ń sọ̀kalẹ̀ lórí òkè, kí ni n ó fi pa ẹ́ńjìnì? Ó gé ibi tí ó bó, ó so wáyà pọ̀, ó fi téèpù wé e, ó sì dẹ̀ ẹ́ kí ó lè bá ọwọ́ kẹ̀kẹ́ yí. Iṣẹ́ náà kò gbà ju ìṣẹ́jú 10 lọ.

Mo gun kẹ̀kẹ́ dé ilé, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi wúwo ní ẹnu ọ̀nà. Ó ṣòro fún ẹ̀gbọ́n láti bẹ àbúrò. Síbẹ̀ mo pè é, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un láìfi ọ̀kan pamọ́, mo sì ní kí ó forí jì mí. Ó wo ilẹ̀ pẹ́ títí. Lẹ́yìn náà ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé kí n tún máa fọ̀ ọ́ báyìí?”

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, àwọn ọmọ tí yóò dákẹ́ níwájú wa bí ẹ́ńjìnì yẹn kò níye. Kí a tó gbé pàṣán, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ tọ wáyà dé ìdí rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ọwọ́ wa ni ó dì í le jù. Kí Ọlọ́run fún wa ní sùúrù.