Ìlú Àtijọ́ Lẹ́bàá Wa: Ẹ Jẹ́ Ká Lọ Wo Etowah

 Ẹ̀yin ọmọ, ọ̀dọ̀ yín gan-an lọ̀rọ̀ yìí ń bọ̀.

Ẹni tó bá gba ọ̀nà I-75 láti Atlanta lọ sápá àríwá, bíi wákàtí kan, á dé Cartersville. Ìlú àtijọ́ kan wà níbẹ̀, létí odò Etowah. Láti nǹkan bíi ọdún 1000 làwọn èèyàn ti ń gbébẹ̀, ìyẹn ju ọgọ́rùn-ún ọdún mẹ́jọ lọ kí wọ́n tó tẹ Atlanta dó ní 1837.

Òkè mẹ́fà ló wà níbẹ̀. Kì í ṣe òkè tí Ọlọ́run dá o! Àwọn èèyàn ló kó iyẹ̀pẹ̀ jọ, tí wọ́n ń fi apẹ̀rẹ̀ rù ú. Kò sí ẹṣin, kò sí ọmọlanke. Èyí tó ga jù ga tó ẹsẹ̀ bàtà 63, orí rẹ̀ sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Ibẹ̀ ni ilé olórí ìlú wà. Ààfin ni ká kúkú pè é. Gbàgede wà níwájú rẹ̀, yàrà àti ọgbà igi sì yí ìlú ká, bí àwọn Ìjẹ̀bú ṣe gbẹ́ Erédò Súngbọ́ yí ilẹ̀ tiwọn ká.

Ní 1954, wọ́n hú ère òkúta mábù méjì jáde níbẹ̀. Ọkùnrin jókòó, obìnrin kúnlẹ̀. Ẹni tó bá mọ àwọn ère òkúta Èsìẹ́ á rántí ilé.

Àwọn baba ńlá ẹ̀yà Muscogee ló ni ìlú náà. Wọ́n gba ilẹ̀ Georgia lọ́wọ́ wọn, nígbà tó sì di 1836, àwọn ṣọ́jà Amẹ́ríkà fipá kó wọn lọ síbi tó di Oklahoma lónìí. Síbẹ̀, wọn ò jẹ́ kí èdè wọn kú. Wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ wọn níbẹ̀. Orúkọ Chattahoochee tí à ń pè lójoojúmọ́, èdè wọn ni. Òkúta alámì ló túmọ̀ sí.

Ẹ̀yin òbí, ẹ wá ọjọ́ Sátidé kan, kẹ́ ẹ kó àwọn ọmọ lọ. Ẹ gbé omi dání, àtẹ̀gùn yẹn pọ̀! Ẹ̀yin ọmọ, tẹ́ ẹ bá dé òkè, ẹ bi bàbá àti màmá yín pé: "Ìlú tiwa ńkọ́? Ta ló tẹ̀ ẹ́ dó? Kí ni orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí?" Ẹ̀yin òbí, ẹ yáa wá èsì sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó kúrò nílé.