Orúkọ Ẹni Tí Ó Rán Aṣọ

Àwọn àgbà ni ó pa á lówe pé bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Bí mo sì ti ń dàgbà sí i ní ilẹ̀ òkèèrè tí mo fi ṣe ibùjókòó yìí ni òtítọ́ ọ̀rọ̀ náà túbọ̀ ń wọ̀ mí lákínyẹmí ara, nítorí àkísà ni ẹ̀rí pé ènìyàn ti pẹ́ láyé, pé ó ti wọ aṣọ re oko, re ọjà, re òde ìyàwó, re òde òkú, àti pé ọwọ́ rẹ̀ kò yá láti ju ohun tí ó bá a jìyà nù. Ìfẹ́ irú àkísà bẹ́ẹ̀ ni ó mú mi bẹ̀rẹ̀ sí wá àwọn aṣọ ìbora alábùlẹ̀ àtijọ́ kiri, àwọn èyí tí àwọn obìnrin ilẹ̀ Amẹ́ríkà fi ọwọ́ ara wọn rán. Mo ń kó wọn jọ, mo ń tọ́jú wọn, nígbà tí àkókò bá sì tó, mo ń gbé wọn jáde kí tẹrú tọmọ lè wò wọ́n.

Fún ẹni tí kò bá tí ì rí irú aṣọ bẹ́ẹ̀ rí, ìpele mẹ́ta ni ó ní. Ojú rẹ̀ lókè ni a fi ègé aṣọ kéékèèké dárà sí, pupa lẹ́gbẹ̀ẹ́ búlúù, olódòdó lẹ́gbẹ̀ẹ́ onílà. Àárín rẹ̀ ni a tẹ́ òwú sí kí ó lè gba ẹni tí ó dà á bora lọ́wọ́ òtútù. Ẹ̀yìn rẹ̀ sì ni aṣọ kan tí ó tẹ́jú. Lẹ́yìn èyí ni a óò wá fi abẹ́rẹ́ gún un ní àgúnyọ, láti òkè dé ìsàlẹ̀, láti ọ̀tún dé òsì, títí ìpele mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò fi di ọ̀kan. Obìnrin tí ọwọ́ rẹ̀ bá tó ẹnu a máa ra aṣọ tuntun láti gé sí wẹ́wẹ́. Èyí tí kò bá rí jájẹ a máa yọ ibi tí ó ṣì le lára ṣòkòtò oko ọkọ rẹ̀ tí ó ti gbó, a sì máa tú àpò ìyẹ̀fun àti àpò oúnjẹ adìẹ, tí àwọn oníṣòwò ilẹ̀ náà tilẹ̀ ń fi aṣọ olódòdó ṣe ní nǹkan bí 1930, nítorí wọ́n mọ̀ pé àwọn ìyá yóò fi rán nǹkan bí ohun inú rẹ̀ bá tán. Òtútù ni ó fa iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n òtútù nìkan kọ́ ni ó mú kí obìnrin tí ó ti ro oko láti òwúrọ̀ jókòó ti fìtílà ní alẹ́, kí ó máa ṣa àwọ̀ tí yóò bá àwọ̀ mu.

Èmi mọ̀ pé ní ilé tiwa, àbùlẹ̀ lára aṣọ kì í ṣe ohun tí ènìyàn fi ń yangàn. Ṣùgbọ́n kí a má gbàgbé ẹ̀kú eégún. Ta ni ó dúró ní ọjọ́ ọdún, tí eégún ńlá yọ láti inú ìgbàlẹ̀, tí kò rí i pé aṣọ lórí aṣọ ni, ọ̀já lórí ọ̀já, tuntun lé ògbólógbòó, nítorí ìdílé a máa fi kún un láti ọdún dé ọdún, wọn kò sì ní sọ èyí tí bàbá ńlá wọn fi lélẹ̀ nù? Nínú àbùlẹ̀ wọ̀nyẹn ni ògo ìran wà. Ohun kan sì tún wà níbẹ̀ tí ó ṣe pàtàkì sí mi ju aṣọ lọ: eégún kì í jáde láìní oríkì. Àwọn obìnrin ilé a máa tẹ̀ lé e, wọn a máa pe ilé tí ó ti wá, wọn a máa ka àwọn tí ó ti lọ, tí ẹni tí ó dúró lẹ́bàá ọ̀nà yóò fi mọ̀ pé ohun tí ó ń kọjá lọ yìí ní baba, ó ní ìyá. Ìlànà yìí ni mo mú lọ sí ìdí àwọn aṣọ ìbora wọ̀nyí, òun ni mo sì fẹ́ kí gbogbo ẹni tí ń kó aṣọ jọ tẹ̀ lé: bí aṣọ àtijọ́ bá máa jáde, kí ó jáde pẹ̀lú orúkọ.

Gbàǹjo ni mo ti ń rí èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn. Bí àgbàlagbà kan bá papòdà, tí àwọn ọmọ rẹ̀ sì ti fọ́n ká sí ìlú tí ó jìnnà, wọn a ṣí ilẹ̀kùn ilé sílẹ̀, wọn a to àwo àti àga sí gbangba, wọn a sì fi iye owó lé gbogbo rẹ̀ lórí. Ní ìsàlẹ̀ àpótí, tàbí níbi tí wọ́n ti fi í wé àwòrán ńlá kan kí dígí rẹ̀ má baà fọ́, ni aṣọ ìbora náà yóò wà. Kí n tó béèrè iye tí wọ́n ń tà á ni mo ti máa ń béèrè pé, “Ẹ jọ̀wọ́, ta ni ó rán an?” Ẹlòmíràn a dákẹ́ díẹ̀, a ní ìyá ìyá òun ni, a dárúkọ rẹ̀, a sì jókòó lórí àga tí òun fúnra rẹ̀ fẹ́ tà, láti sọ ìtàn obìnrin náà fún mi. Ẹlòmíràn kò mọ̀ ju pé láti ilé oko ni ó ti wá. Ohun tí wọ́n bá sọ ni mo ń kọ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Bí mo bá délé, èmi a fi yíǹkì tí kì í ṣí kọ ọ́ sára ègé aṣọ funfun kékeré kan, èmi a sì rán an mọ́ ẹ̀yìn ìbora náà: orúkọ, ìlú, ọdún bí a bá mọ̀ ọ́n, àti ọwọ́ tí ó ti gbà á kí ó tó dé ọwọ́ mi.

Òtítọ́ ni pé aṣọ fúnra rẹ̀ a máa sọ̀rọ̀ fún ẹni tí ojú rẹ̀ bá là sí i. Aṣọ aláwọ̀ ilẹ̀ tí wọ́n fi irin sí aró rẹ̀ ní ayé àtijọ́ ni ó ń kọ́kọ́ jẹrà, nítorí irin náà a máa jẹ òwú lábẹ́lẹ̀ títí yóò fi kú bí ẹrùpẹ̀, nígbà tí àwọn ègé tí ó yí i ká ṣì le koránkorán. Nítorí náà ibi tí aṣọ ti ya pàápàá ń jẹ́rìí sí irú aró tí wọ́n lò. Lẹ́tà ilé iṣẹ́ ìyẹ̀fun a máa hàn fẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́yìn ìbora mìíràn. Iṣẹ́ abẹ́rẹ́ ọwọ́ yàtọ̀ sí ti ẹ̀rọ. Gbogbo èyí ni aṣọ lè sọ, ṣùgbọ́n kò lè dárúkọ ìyá tí ó bí i.

Ìtàn Harriet Powers ni mo máa ń fi ṣe àríkọ́gbọ́n. Inú oko ẹrú ni wọ́n bí obìnrin adúláwọ̀ yìí sí ní 1837, nítòsí ìlú Athens ní ìpínlẹ̀ Georgia. Nígbà tí òmìnira dé, òun àti ọkọ rẹ̀ di àgbẹ̀. Ní 1886, ó gbé aṣọ ìbora kan lọ sí ibi ìpàtẹ ọjà òwú ní ìlú náà, aṣọ tí ó gé ènìyàn, ẹranko àti ìràwọ̀ sí, tí ó sì lẹ̀ wọ́n mọ́ ọn pẹ̀lú abẹ́rẹ́: Ádámù àti Éfà nínú ọgbà, Kéènì tí ó pa Ébẹ́lì, àlá Jákọ́bù, Júdásì pẹ̀lú owó fàdákà rẹ̀. Olùkọ́ iṣẹ́ ọnà kan, obìnrin aláwọ̀ funfun tí ń jẹ́ Jennie Smith, rí i, ó sì fẹ́ rà á, ṣùgbọ́n Harriet kọ̀ jálẹ̀. Ọdún díẹ̀ kọjá, àìní kan ilẹ̀kùn, ni ó bá di aṣọ náà sínú àpò, ó gun kẹ̀kẹ́ tí màlúù ń fà, ó gbé e tọ olùkọ́ náà lọ. Dọ́là 10 ni ó pè é; dọ́là 5 ni olùrà ní lọ́wọ́; ọkọ Harriet sì gbà á níyànjú pé kí ó gbà á bẹ́ẹ̀. Kí ó tó lọ, ó ṣàlàyé àwòrán 11 tí ó wà lára aṣọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, Jennie Smith sì kọ wọ́n sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan ni Harriet padà wá sí ilé obìnrin náà kí ó lè tún fojú kan iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

Owó tí ó gbà kéré, n kò sì ní fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé olùrà náà kàn ká aṣọ, tí ó sì yí ẹ̀yìn padà, ìràwọ̀ àti ẹranko tí ahọ́n wọn ti kú ni ìbá kù fún wa lónìí. Aṣọ yẹn wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Smithsonian ní Washington. Ọ̀kan ṣoṣo mìíràn tí a mọ̀ pé ó jẹ́ tirẹ̀ wà ní Museum of Fine Arts ní Boston. Ó ní àwòrán 15, a sì rí òru November 13, 1833 lára rẹ̀, nígbà tí ìràwọ̀ ń já bọ́ láti ojú ọ̀run, ọdún mẹ́rin kí wọ́n tó bí ẹni tí ó rán an, tí ó fi hàn pé ẹnu àwọn àgbà ni ó ti gbọ́ ọ. Ní 2021, wọ́n pa aṣọ méjèèjì pọ̀ sí ibì kan náà ní Boston fún ìgbà àkọ́kọ́, lẹ́yìn ọdún tí ó ju 100 lọ tí Harriet ti sùn. Mo wà lára àwọn tí ó lọ wò ó, mo sì rí i bí àwọn ènìyàn ti ń kọ́kọ́ ka àlàyé obìnrin náà, kí wọ́n tó gbójú sókè wo àwòrán. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ni ó ń ṣamọ̀nà wọn láti ẹ̀gbẹ́ kan aṣọ dé èkejì.

Kì í ṣe gbogbo ìpàtẹ ni ó ti rí bẹ́ẹ̀. Ní 1971, Jonathan Holstein àti Gail van der Hoof, tí wọ́n ti kó ọ̀pọ̀ ìbora jọ, gbé wọn kọ́ sára ògiri ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Whitney ní New York, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti í gbé àwòrán àwọn ayàwòrán ńlá kọ́. Iṣẹ́ takuntakun ni wọ́n ṣe, nítorí láti ọjọ́ náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti gbà pé ohun tí obìnrin rán fún orí ibùsùn lè dúró níwájú ohun tí ọkùnrin yà fún ààfin. Ṣùgbọ́n èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn aṣọ náà ni kò ní orúkọ ẹnì kankan lára. A yin iṣẹ́, a kò gbọ́ oríkì òṣìṣẹ́. Ní ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn èyí ni àwọn obìnrin ìpínlẹ̀ Kentucky ṣe ohun tí ó wú mi lórí jù lọ nínú gbogbo ìtàn yìí: wọ́n kéde láti ìlú dé ìlú pé kí olúkúlùkù gbé ìbora ìdílé rẹ̀ wá, wọ́n jókòó ti tábìlì, wọ́n sì ń kọ orúkọ ẹni tí ó rán an, ibi tí ó gbé àti ìgbà tí ó rán an sílẹ̀, títí aṣọ tí wọ́n kọ sínú ìwé fi ju 1,000 lọ. Àwọn ìpínlẹ̀ tí ó kù rí i, wọ́n sì ṣe bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ Gee’s Bend dé, abúlé àwọn adúláwọ̀ kan ní Alabama tí odò fẹ́rẹ̀ẹ́ yí ká. William Arnett, ẹnì kan láti Atlanta tí ń kó iṣẹ́ ọnà jọ, rí àwòrán ìbora kan tí wọ́n tẹ́ sórí òkìtì igi ìdáná, ó sì mú ọ̀nà pọ̀n láti wá ẹni tí ó rán an, títí ó fi rí Annie Mae Young. Nígbà tí aṣọ abúlé náà jáde ní Houston ní 2002, tí ó sì ti ibẹ̀ dé Whitney yìí kan náà, orúkọ àwọn ìyá náà wà lára ògiri, àwọn fúnra wọn sì wá wò ó. Ibẹ̀ ni ayé ti gbọ́ nípa Missouri Pettway, tí ọkọ rẹ̀ kú, tí ó sì tú aṣọ oko olóògbé náà sí wẹ́wẹ́ ní 1942, tí ó fi wọ́n rán ìbora kan kí ó lè máa fi rántí rẹ̀, kí ó sì máa fi ìfẹ́ rẹ̀ bora. Orúkọ tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń jẹ́, Pettway, orúkọ olówó ẹrú ni, ẹni tí ó gba oko tí abúlé náà wà nínú rẹ̀ ní 1845, tí ó sì mú kí nǹkan bí 100 ẹrú fi ẹsẹ̀ rìn láti North Carolina wá síbẹ̀. Abẹ́rẹ́ àwọn obìnrin yìí ti gba orúkọ náà kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ènìyàn bá pe Pettway lónìí, aṣọ ni ó ń wá sí ọkàn ẹni tí ó gbọ́ ọ.

Ìpàtẹ tèmi kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwọ̀nyí. Gbọ̀ngàn ilé ìkàwé àti yàrá ìpàdé ìjọ ni mo ti ń ṣe é. N kì í kan ìṣó mọ́ aṣọ. Èmi a rán ojú ọ̀pá sí ẹ̀yìn rẹ̀ lókè, kí ọ̀pá lè gbà á kọjá, kí ìwúwo rẹ̀ má baà dá sí ojú kan. Èmi a pa fèrèsé dé, nítorí ìmọ́lẹ̀ ni ọ̀tá aró. Bí ọjọ́ ìpàtẹ bá sì pé, aṣọ yóò padà sínú òkùnkùn lọ sinmi fún ìgbà pípẹ́. Ẹyọ kan tí ó ṣì le ni mo ń yà sọ́tọ̀ fún ọwọ́ àwọn ọmọdé àti àwọn tí ojú wọn kò ríran. Níwájú èyí tí mo mọ orúkọ ẹni tí ó rán an, orúkọ náà ni mo ń kọ gàdàgbà, níwájú èyí tí n kò mọ̀, ohun tí mo ń kọ ni pé, “Ọwọ́ ènìyàn kan ni ó rán èyí, a ṣì ń wá orúkọ rẹ̀.” Níbẹ̀ ni àwọn ìyá àgbà ti máa ń dúró pẹ́ jù. Wọn a ní irú ègé pupa yìí wà lára ti ìyá àwọn, wọn a dárúkọ ìyá náà fún ọmọ-ọmọ tí ó mú wọn wá, ọmọ náà yóò sì gbọ́ orúkọ tí kò gbọ́ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i.

Ẹ jẹ́ kí n wá kọjú sí ilé. Ẹtù, sányán àti àlàárì ń bẹ nínú àpótí àwọn ìyá wa. Adìrẹ ẹlẹ́kọ ń bẹ nínú àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ayé, ní London àti ní Amẹ́ríkà, tí a kọ “Yorùbá” sí lára, tí a kò kọ ìyá tí ó fi ìyẹ́ adìẹ ya á, tí a kò kọ aláró tí ó rẹ ẹ́. Àwọn tí ó lè dárúkọ wọn ṣì wà láàyè díẹ̀, ọjọ́ sì ń lọ. Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ ìyá yín àgbà, ẹ kúnlẹ̀ kí wọn, ẹ dọ̀bálẹ̀ fún wọn, kí ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ṣí àpótí. Ẹ béèrè ẹni tí ó hun èyí, ẹni tí ó pa á láró, ọjọ́ tí wọ́n rà á àti òde tí wọ́n kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ lọ. Kí ẹ kọ ọ́ sára ègé aṣọ funfun, kí ẹ sì rán an mọ́ ọn nísinsìnyí, nítorí ẹni tí ó jogún aṣọ láìgbọ́ orúkọ ẹni tí ó ṣe é, ìdajì ogún rẹ̀ ni ó dé ọwọ́ rẹ̀.