Ṣé Kí Á Tú Règúlétọ̀ Wa Fúnra Wa?

Nígbà tí mo sọ fún àwọn kan nínú yín pé mo ti dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ àwọn tó ń mòòkùn ní yunifásítì wa níhìn-ín ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ohun tí wọ́n bi mí ni pé ta ló rán mi níṣẹ́. Kò sẹ́ni tó rán mi. Àmọ́ àríyànjiyàn kan wà láàárín àwa ọmọ ẹgbẹ́ tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi gbé yẹ̀ wò: ṣé ó yẹ kí ẹni tó ń mòòkùn fún ìgbádùn máa tú règúlétọ̀ rẹ̀, kó máa ṣe sáfíìsì rẹ̀ fúnra rẹ̀?

Règúlétọ̀ yìí bá ti gáàsì ìdáná tan. Ní 1943, ní ilẹ̀ Faransé, Jacques-Yves Cousteau àti Émile Gagnan ṣe é láti ara ẹ̀rọ tí Gagnan ti ṣe fún mọ́tò tó ń fi gáàsì rìn nítorí ọ̀wọ́n epo ìgbà ogun. Afẹ́fẹ́ inú sílíńdà wa máa ń le tó báà 200 tàbí 232. Ìpele kìíní, tó wà lórí sílíńdà, á dín in kù sí bíi báà 9 tàbí 10 ju ti omi tó yí wa ká lọ. Ìpele kejì, tó wà lẹ́nu, á wá dín in kù títí yóò fi ṣeé mí.

Àwọn tó ní kí á máa tú u fúnra wa kò sọ ìsọkúsọ. Owó sáfíìsì ẹ̀ẹ̀kan lè jẹ́ owó oúnjẹ mi fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ohun tó wà nínú rẹ̀ náà kò ju òrùka rọ́bà, sípíríìnì, awẹ́ rọ́bà pẹlẹbẹ àti ìjókòó kékeré tí fáàfù ń tì mọ́. Ilé tí bàbá ti ń tú jẹnẹrétọ̀ palẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, nítorí náà ohun èlò tí mi ò lè ṣí kì í jọ tèmi lójú mi. Lẹ́yìn náà, wọ́n ṣe ọ̀pọ̀ règúlétọ̀ lọ́nà tó jẹ́ pé bó bá bàjẹ́, ṣe ni yóò máa tú afẹ́fẹ́ jáde, kì í sábà dé pa.

Ṣùgbọ́n bí jẹnẹrétọ̀ bá kọ̀, inú òkùnkùn la ó jókòó sí. Bí afẹ́fẹ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í tú ní mítà 30 ńkọ́? Ibẹ̀, báà 4 ni omi àti afẹ́fẹ́ òkè fi ń tẹ̀ wá. Ẹni tó ń mí lítà 20 ní ìṣẹ́jú kan lókè yóò máa lo 80. Sílíńdà lítà 12 tó kún dé báà 232 kò ní ju nǹkan bíi lítà 2,780 lọ, règúlétọ̀ tó sì ń tú kì í dúró de èémí ẹnikẹ́ni. Òtútù tún wà níbẹ̀. Ní Stoney Cove ní Leicestershire, ihò òkúta tí omi ti kún tí a máa ń lọ, omi máa ń tutù ju 10°C lọ nígbà òtútù. Bí afẹ́fẹ́ ṣe ń fẹ̀ nínú ìpele kìíní ló ń tutù sí i, yìnyín sì lè há fáàfù sí ipò ṣíṣí.

Ohun tó mú mi dúró jù kì í ṣe ẹ̀mí tèmi. Olúkúlùkù wa ló ń gbé ẹnu kejì kan dání, èyí tí òun fúnra rẹ̀ kì í fi mí. Ẹnìkejì rẹ̀ tí afẹ́fẹ́ bá tán mọ́ lọ́wọ́ ló wà fún. Ẹni tó bá ń sọ pé “ẹ̀mí mi ni, mo lè fi ṣe ohun tó wù mí” ti gbàgbé pé ọ̀rẹ́ òun ni yóò kọ́kọ́ dán iṣẹ́ ọwọ́ òun wò, ní ìgbà tí kò sí àyè àtúnṣe.

Síbẹ̀, mi ò ní kí á fi ojú dídì gbé e fún oníṣẹ́. Nowlan àti Heap, àwọn òṣìṣẹ́ United Airlines, fi hàn ní 1978 pé ọ̀pọ̀ ẹ̀yà ọkọ̀ òfuurufú ló máa ń ṣàìsàn jù nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ di tuntun. Règúlétọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti sáfíìsì dé náà yẹ fún ìfura. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.

Nítorí náà, èrò tèmi rèé. Kí gbogbo wa mọ bí a ṣe ń fi omi tí kò níyọ̀ ṣan án, kí á sì kọ́kọ́ fi ìdérí rẹ̀ dé ìpele kìíní. Kí á dé e bẹ́ẹ̀ láìsí sílíńdà, kí á fa ẹnu rẹ̀: bí afẹ́fẹ́ bá wọlé, ihò wà níbì kan. Kí ẹgbẹ́ ra géèjì, kí á fi máa wo agbára àárín ìpele méjèèjì. Bí ọwọ́ géèjì bá ń rọra gòkè lẹ́yìn tó yẹ kó ti dúró, ìjókòó fáàfù ti ń jò nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ tú u, kó kọ́ ọ lọ́dọ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n, kó ní ìwé àti ẹ̀yà tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é fọwọ́ sí, kí ẹlòmíràn sì yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò. Ẹnikẹ́ni tó bá ṣe é, inú omi tí kò jìn ni kí á ti kọ́kọ́ dán an wò, àti ẹnu kìíní àti ẹnu kejì.

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹni tí kò bá tíì lè fi ẹnu kejì tó tún ṣe mí fúnra rẹ̀ ní mítà 30, kó má gbé e fún ọ̀rẹ́ rẹ̀.